Adágún ẹja ń jò, ẹ má fẹ̀sùn kan aládùúgbò o!

Bí omi bá fà nínú adágún ẹja ẹ̀yìnkùlé, aládùúgbò làwọn kan kọ́kọ́ máa ń fura sí. Owó iléèwé ọmọ ló kúkú wà nínú àrọ̀ yẹn! Àmọ́ ẹ fara balẹ̀, oòrùn náà máa ń fa omi.

Ẹ pọn omi sí bọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ adágún, kẹ́ ẹ sàmì sí méjèèjì. Lẹ́yìn wákàtí 24, bí ti adágún bá fà ju ti bọ́kẹ́ẹ̀tì lọ, tapólíìn ti ń jò nìyẹn.

Ẹ kọ́kọ́ yẹ ìdí páìpù wò. Bí kì í bá ṣe ibẹ̀, ẹ kó ẹja sínú ike ńlá, kẹ́ ẹ dé e dáadáa, torí àrọ̀ mọ̀ ọ́n fò. Ẹ wá jẹ́ kí omi máa lọọlẹ̀. Ibi tó bá ti dúró, ìtòsí ìlà yẹn ni ihò wà.

Ẹ fọ ojú ihò náà, kó gbẹ táútáú. Ẹ gé tapólíìn mìíì tó fẹ̀ ju ihò lọ, kẹ́ ẹ gé igun ẹ̀ roboto kó má baà ṣí, kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ láti inú. Gọ́ọ̀mù PVC ń mú tapólíìn PVC. Èyí tó jẹ́ polyethylene kì í gba gọ́ọ̀mù, ooru ni wọ́n fi ń lẹ̀ ẹ́. Ó di ọjọ́ kejì kẹ́ ẹ tó pọnmi sí i.

Kẹ́ ẹ tó ṣe gbogbo ìyẹn tán, ẹ wo ohun tó dá a lu. Àwọn àgbà ní inú ilé laṣeni ń gbé. Ó lè jẹ́ ìṣó tẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín kàn mọ́ pákó ni aṣeni ọ̀hún. Ẹ fà á yọ, kẹ́ ẹ tẹ́ àpò sábẹ́ tapólíìn.