Ṣé O Mọ̀? Ilé Ìwé, Èdè Kékeré àti Ọmọ Elédè Méjì

Ṣé o mọ̀ pé ọmọ tuntun tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan láyé ti lè ya èdè méjì sọ́tọ̀ létí? Ní ìlú Vancouver ní Kánádà, àwọn onímọ̀ fi orí ọmú onírọ́bà sẹ́nu àwọn ọmọ jòjòló, wọ́n wá ń wo bí wọ́n ṣe ń fà á bí ohùn ènìyàn ṣe ń dún sí wọn létí. Ohun tó bá wu ọmọ gbọ́, kíkankíkan ló máa ń fà á. Àwọn tí ìyá wọn sọ Gẹ̀ẹ́sì nìkan nígbà oyún, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n yàn. Àwọn tí ìyá wọn sọ Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ mọ́ Tagalog, èdè ilẹ̀ Philippines, fẹ́ gbọ́ méjèèjì, síbẹ̀ wọn kò ṣi ọ̀kan gbọ́ fún èkejì. Ọdún 2010 ni ìwádìí yìí jáde. Àwọn kan máa ń sọ pé kí ọmọ kọ́kọ́ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì yanjú ná, ká tó fi Yorùbá kún un. Ọmọ ọ̀hún ti ń gbọ́ méjèèjì láti inú oyún.

Ṣé o mọ̀ pé ọmọ tó ń lú èdè pọ̀, orí rẹ̀ kò dàrú? "Mọ́mì, mo ti finish ráìsì mi." Òbí tó bá gbọ́ irú èyí ní Peckham tàbí ní Houston á rò pé Yorùbá ọmọ òun ti bàjẹ́. Ṣùgbọ́n tún gbólóhùn náà wò. "Mo ti" wà níbi tó yẹ kó wà. "Mi" tẹ̀ lé ráìsì, kò ṣáájú rẹ̀ bí Gẹ̀ẹ́sì yóò ti fẹ́. Ọ̀rọ̀ lásán ni ọmọ yá, ìlànà Yorùbá ló sì fi to gbogbo rẹ̀. Ní Montreal, onímọ̀ kan, Fred Genesee, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kíyè sí àwọn ọmọ bí ọdún méjì tí bàbá ń sọ èdè kan fún, tí ìyá ń sọ òmíràn. Àwọn ọmọ náà ti mọ ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀: èdè bàbá pọ̀ lẹ́nu wọn lọ́dọ̀ bàbá, èdè ìyá pọ̀ lẹ́nu wọn lọ́dọ̀ ìyá.

Ṣé o mọ̀ pé ní Bírítéènì gan-an, wọ́n ti fi igi kọ́ ọmọ lọ́rùn rí nítorí èdè ìyá rẹ̀? Ní Wales ni, láàárín àwọn ọdún 1800. Igi pẹlẹbẹ kan ni, wọ́n gbẹ́ lẹ́tà W.N. sí i lára, "Welsh Not" ni wọ́n ń pè é. Ọmọ tó bá sọ Welsh nílé ìwé ni wọ́n ń fi kọ́ lọ́rùn. Bí òun náà bá gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn, á bọ́ ọ fún onítọ̀hún. Ẹni tó bá wà lọ́rùn rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá fẹ́ lọ ilé ló ń jẹ ẹgba. Èyí tó dùn mí jù níbẹ̀ ni pé ọmọ ni wọ́n fi ń ṣọ́ ọmọ. Ẹ̀yin tí wọ́n ti nà rí nítorí "fanákúlà" nílé ìwé mọ bó ṣe ń rí.

Ọmọkùnrin kan ní abúlé Llanuwchllyn wọ igi yẹn. O. M. Edwards lorúkọ rẹ̀. Ní 1907, òun ló di olórí àwọn alábẹ̀wò fún gbogbo ilé ìwé Wales. Ọmọ tó bí, Ifan ab Owen Edwards, ń gbé ní Aberystwyth nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ ní 1939, tí wọ́n ń kó àwọn ọmọ Liverpool wá síbẹ̀ kí bọ́ǹbù má baà pa wọ́n. Ó rí i pé Gẹ̀ẹ́sì yóò bo Welsh mọ́lẹ̀ ní ilé ìwé àdúgbò. Lọ́dún yẹn náà ló dá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, níbi tí wọ́n á ti máa fi Welsh kọ́ni. Ọmọ méje ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, Owen ọmọ rẹ̀ sì wà nínú wọn. Nígbà tí S4C, tẹlifíṣọ̀n elédè Welsh, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1982, Owen yìí kan náà ni olórí rẹ̀ àkọ́kọ́. Ìran mẹ́ta péré ni! Ìkànìyàn 2021 ka bí 538,000 ènìyàn tó ń sọ Welsh, ìjọba wọn sì ti pinnu pé mílíọ̀nù kan ni yóò jẹ́ tó bá fi máa di 2050.

Ṣé o mọ̀ pé ní Hawaii, òfin 1896 ti lé èdè onílẹ̀ kúrò nílé ìwé, tó fi jẹ́ pé nígbà tí àwọn ọdún 1980 bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ tí èdè náà já gaara lẹ́nu wọn kò tó nǹkan rárá? Àwọn òbí kan gbọ́ ohun tí àwọn Māori bẹ̀rẹ̀ ní New Zealand ní 1982: wọ́n ń gbé ọmọ ọwọ́ lọ sọ́dọ̀ àwọn àgbàlagbà tí kò ní bá wọn sọ ohunkóhun bí kò ṣe Māori. Àwọn òbí Hawaii yìí ṣe tiwọn ní Kekaha ní 1984, òfin kò sì tíì fàyè gbà á dáadáa. Ọdún 1986 ni wọ́n tó yí òfin ọ̀hún padà.

Bí ìjọba nìkan bá sì gbé e, tí ilé kò gbé e ńkọ́? Wo Ireland. Láti 1922 tí wọ́n ti gba ara wọn ni èdè Irish ti wà nínú ẹ̀kọ́ ilé ìwé. Ní 2022, nǹkan bíi mílíọ̀nù kan àti 870,000 sọ pé àwọn lè sọ ọ́. Àwọn tó ń sọ ọ́ lójoojúmọ́ lẹ́yìn ọgbà ilé ìwé kò ju bí 72,000 lọ.

Ṣé o mọ̀ pé ilẹ̀ wa ni wọ́n ti ṣe ọ̀kan nínú àwọn ìwádìí tó lókìkí jù lórí ọ̀rọ̀ yìí? Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ilé ìwé St. Stephen's ní Mọdákẹ́kẹ́. Ohun tí gbogbo ilé ìwé ń ṣe nígbà náà ni kí wọ́n fi Yorùbá kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́ta, kí wọ́n wá bọ́ sórí Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ará Ifẹ̀ ní rárá, Yorùbá ni títí dé kíláàsì kẹfà: ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, ẹ̀kọ́ àwùjọ. Gẹ̀ẹ́sì kò kúrò, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan lára iṣẹ́ ni, olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n kọ́ ló sì ń kọ́ wọn. Kò sí ìwé tó yẹ nílẹ̀. Wọ́n jókòó, wọ́n kọ ọ́.

Nígbà tí wọ́n fi wọ́n wé àwọn ọmọ tó yí sí Gẹ̀ẹ́sì ní kíláàsì kẹrin, àwọn tó fi Yorùbá kẹ́kọ̀ọ́ yìí ló ṣe dáadáa jù. Nínú Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú! Ẹni tí ẹ̀kọ́ bá yé ní èdè tirẹ̀ kò ní pẹ́ kó tó mú èyí tó kù.

Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà fọwọ́ sí i pé èdè abínibí ni kí wọ́n máa fi kọ́ni fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ kéde ní Àbújá pé wọ́n ti fagi lé e. Wọ́n ní èdè abínibí ló ń mú kí àwọn ọmọ fìdí rẹmi nínú WAEC àti JAMB. Inú mi bàjẹ́ púpọ̀ nígbà tí mo gbọ́ ọ. Àwọn ọmọ tó wọ kíláàsì kìn-ín-ní ní Mọdákẹ́kẹ́ ní 1970 ti tó ẹni ọgọ́ta ọdún báyìí. Bí wọ́n bá tún fẹ́ ṣe ìpàdé lórí èdè tó yẹ kí wọ́n fi kọ́ ọmọ wa, àwọn ni mo fẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ fún ní ẹ̀rọ gbohùngbohùn.