Ṣé O Mọ̀? Oyún Tí Kò Lọ́mọ Nínú

Ṣé o mọ̀ pé oyún kan wà tí nǹkan oṣù á dúró, tí èébì á máa gbé obìnrin, tí ikùn á sì yọ ju oṣù rẹ̀ lọ, àmọ́ tí kò sí ọmọ níbẹ̀? Oyún mólà ni àwọn dókítà ń pè é. Ibi ọmọ ló ń hù ní ìhùkúhù, tó di àpò omi wẹ́wẹ́ tó so jọ bí èso àjàrà.

Ta ló ni ín? Bàbá ni! Nínú irú èyí tí kò lọ́mọ rárá, gbogbo kúrómósómù 46 ló sábà máa ń jẹ́ ti bàbá, torí ẹyin tí àtọ̀ wọ̀ ti ṣófo. Àwọn onímọ̀ Kajii àti Ohama ló tú àṣírí yìí síta ní 1977. Irú kejì tún wà: àtọ̀ méjì ló máa ń já wọ ẹyin kan, iye kúrómósómù á sì di 69.

Ọmọ mélòó lo rò pé obìnrin lè bí lẹ́ẹ̀kan? Ní Loosduinen, nítòsí The Hague, wọ́n ní Margaret, ìyàwó ìjòyè Henneberg, bí 365 ní 1276, tí wọ́n sì fi abọ́ méjì ṣe ìrìbọmi fún gbogbo wọn! Samuel Pepys, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó máa ń kọ ohun ojoojúmọ́ sílẹ̀, fojú ara rẹ̀ rí àwọn abọ́ náà ní 1660. Àwọn dókítà tó yẹ ìtàn náà wò fura pé oyún mólà ni, pé àpò omi yẹn ni wọ́n kà sí ọmọ. Èmi náà gbà pẹ̀lú wọn.

Èyí ló yà mí lẹ́nu jù: nínú mólà, hómónù oyún lè pọ̀ débi pé àyẹ̀wò ìtọ̀ á ní kò sóyún! Ilà àyẹ̀wò kì í yọ àfi tí hómónù bá so èròjà méjì pọ̀: ọ̀kan ń bá ìtọ̀ rìn, èkejì dúró sójú ilà. Bí hómónù bá ti pọ̀ jù, èròjà kọ̀ọ̀kan á ti gba tiẹ̀, kò ní sí èyí tó máa so méjèèjì pọ̀. Kí ni nọ́ọ̀sì tó mọṣẹ́ ní ẹ̀ka pàjáwìrì á ṣe? Á bu omi la ìtọ̀ náà, á tún un yẹ̀ wò, ilà á sì yọ kedere. Omi lásán!

Ẹ̀jẹ̀ ríru tí oyún ń fà kì í sábà dé ṣáájú ọ̀sẹ̀ 20. Tó bá tètè yọjú, tí obìnrin náà sì tún ń rí ẹ̀jẹ̀, mólà ni kí ọkàn dókítà kọ́kọ́ lọ bá.

Àyà tó ń lù kìkì, ọwọ́ tó ń gbọ̀n: ṣé oyún náà nìyẹn? Bẹ́ẹ̀ ni! Hómónù oyún jọ èyí tó ń pàṣẹ fún táírọ́ìdì ní ọrùn, ó sì ń tan án jẹ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń fún irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ ní oògùn tó ń mú ọkàn rọlẹ̀ kí wọ́n tó gbé e wọ tíátà.

Ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń fa mólà jáde, pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ ní sẹpẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kí wọ́n má da ohun tó jáde nù o! Láàbù ló máa sọ òótọ́, torí sikáànù ìbẹ̀rẹ̀ oyún lè máà rí i.

Ṣé o mọ̀ pé ní Bìrìtéènì, àwọn obìnrin tí wọ́n ti fa mólà wọn jáde ń fi ìtọ̀ ránṣẹ́ nínú àpò lẹ́tà? London, Sheffield àti Dundee ni wọ́n ti ń ṣọ́ hómónù náà títí tó fi máa lọ sílẹ̀ pátápátá. Kí obìnrin náà má tíì lóyún mìíràn títí ìgbà yẹn, torí oyún tuntun lè bo àmì rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Bí mólà bá wá di jẹjẹrẹ ńkọ́? Jẹjẹrẹ yìí ni àkọ́kọ́ nínú àwọn oníkókó tí oògùn nìkan wò sàn lẹ́yìn tó ti tàn ká ara! Àwọn dókítà Min Chiu Li àti Roy Hertz ló fi oògùn methotrexate ṣe é ní Amẹ́ríkà ní 1956. Kókó ti pòórá, àmọ́ Li kò dá oògùn dúró torí hómónù ṣì ń hàn nínú ìtọ̀. Wọ́n lé e níṣẹ́ nítorí ẹ̀. Ọ̀nà tiẹ̀ ni gbogbo ayé ń tọ̀ báyìí, òun àti Hertz sì wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Lasker ní 1972.

Ẹni tó ti ní mólà rí, ṣé á tún ní in? Nínú irú wọn 100, bíi 98 tàbí 99 ni oyún wọn tó tẹ̀ lé e kì í ṣe mólà rárá.