Bí Irinṣẹ́ Tí A Fi Ń Wo Kóòdù Ṣe Ń Wá Ọ̀rọ̀ Tó sì Ń Tọ́ni Sọ́nà

Kíkà ló ń gba àkókò ẹni tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà jù lọ, nítorí pé kóòdù, ìyẹn àwọn àṣẹ tí ènìyàn kọ sílẹ̀ kí kọ̀ǹpútà lè tẹ̀ lé wọn, sábà máa ń wà lẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn tí ẹni tó kọ ọ́ ti lọ síbòmíràn. Ní agbègbè Onígbòǹgbò àti Ìkẹjà, níbi tí ọjà Computer Village kò ti jìnnà sí ọ́fíìsì àwọn tó ń ṣe ètò ìsanwó, irú bí Paystack tí Shola Akinlade àti Ezra Olubi dá sílẹ̀ ní ọdún 2015, ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba irú iṣẹ́ yìí ní láti kọ́kọ́ mọ ibi tí ohun gbogbo wà nínú fáìlì tí àwọn ẹlòmíràn ti kọ. Ohun méjì ló nílò: ìwákiri, tó ń rí ọ̀rọ̀ níbikíbi tó bá wà, àti ìtọ́sọ́nà, tó ń mú un láti ibi tí wọ́n ti lo orúkọ kan lọ sí ibi tí wọ́n ti ṣàlàyé ohun tí orúkọ náà ń ṣe.

Ìwákiri tó rọrùn jù ni ti grep, tí Ken Thompson kọ ní Bell Labs ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, èyí tó ń ka gbogbo fáìlì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin nígbàkigbà tí wọ́n bá bi í ní ìbéèrè. Bí fáìlì bá ti di ọ̀kẹ́ àìmọye, kíkà bẹ́ẹ̀ kò ṣeé fara dà mọ́, nítorí náà irinṣẹ́ òde òní máa ń ṣe atọ́ka sílẹ̀ ṣáájú, gẹ́gẹ́ bí atọ́ka tó máa ń wà lẹ́yìn ìwé. Google Code Search, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2006, lo ọ̀nà kan tí Russ Cox ṣàlàyé ní ọdún 2012: wọ́n ń gé ọ̀rọ̀ sí lẹ́tà mẹ́ta-mẹ́ta. Bí ẹnì kan bá ń wá gbaOwo, irinṣẹ́ náà á gé e sí gba, baO, aOw àti Owo, á wo àkọsílẹ̀ àwọn fáìlì tí ìkọ̀ọ̀kan wà nínú wọn, á sì mú kìkì àwọn tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà nínú wọn. Àwọn díẹ̀ yìí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá kà ní tòótọ́, torí pé ègé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè wà káàkiri inú fáìlì kan láìjẹ́ pé wọ́n tò pọ̀ di gbaOwo.

Ṣùgbọ́n lẹ́tà nìkan kò mọ ìtumọ̀. Ìwákiri kò lè sọ bóyá gbaOwo tó rí jẹ́ àṣẹ gidi tàbí ọ̀rọ̀ àkíyèsí lásán, kò sì lè ya méjì tó jẹ́ orúkọ kan náà sọ́tọ̀. Ibẹ̀ ni irinṣẹ́ ìtọ́sọ́nà ti wúlò. Ctags, tí Ken Arnold kọ fún BSD Unix, ń to orúkọ kọ̀ọ̀kan mọ́ fáìlì àti ibi tí wọ́n ti ṣàlàyé rẹ̀. LXR, tó ti Yunifásítì Oslo wá, sọ kóòdù Linux di ojú ìwé tí ènìyàn lè tẹ orúkọ lórí rẹ̀ kó sì dé ibi tí orúkọ náà ti ṣẹ̀. Ní ọdún 2016 ni Microsoft gbé Language Server Protocol jáde, ìlànà tí ètò tó gbọ́ èdè kóòdù náà fi ń dáhùn ìbéèrè irinṣẹ́ yòówù tó bá bi í. Ìtọ́sọ́nà ló wúlò jù fún ẹni tuntun, ó sì dára kí atọ́ka rẹ̀ wà lórí kọ̀ǹpútà onítọ̀hún fúnra rẹ̀, kí iṣẹ́ má baà dúró nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì bá lọ.

Ìṣòro kan wà tó kan Yorùbá gan-an. Nínú orúkọ bí Adébọ́lá, ọ̀nà mẹ́rin ni kọ̀ǹpútà lè gbà tọ́jú ọ́: o, àmì abẹ́, lẹ́yìn náà àmì òkè; o, àmì òkè, lẹ́yìn náà àmì abẹ́; ọ odindi, lẹ́yìn náà àmì òkè; tàbí ó odindi, lẹ́yìn náà àmì abẹ́. Ojú kò rí ìyàtọ̀ kankan, ṣùgbọ́n irinṣẹ́ tó ń fi lẹ́tà wé lẹ́tà yóò sọ pé orúkọ oníbàárà kò sí, bẹ́ẹ̀ ó wà níbẹ̀. Unicode, ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú lẹ́tà àwọn èdè, ka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí ọ̀kan náà, ó sì ṣe ìlànà bí a ṣe ń sọ wọ́n di irú kan ṣoṣo. Ìlànà yìí gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ nígbà tí irinṣẹ́ bá ń kọ atọ́ka àti nígbà tó bá ń gba ìbéèrè, nítorí pé bí ó bá ṣe é lápá kan ṣoṣo, àṣìṣe náà kò kúrò. Kí ẹnikẹ́ni tó bá ń ṣe irú irinṣẹ́ yìí ní Èkó jọ̀wọ́ fi orúkọ Yorùbá tó ní àmì kíkún dán an wò kó tó gbé e fún àwọn ènìyàn.