Ẹni Tó Ń Tẹ Ìtàn Àtìpó

Òǹkọ̀wé ni gbogbo ayé ń pàtẹ́wọ́ fún. Ẹni tó fi owó ara rẹ̀ bá a tẹ ìwé rẹ̀ jáde, a kì í fi bẹ́ẹ̀ dárúkọ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ní Lọ́ńdọ̀nù, ọwọ́ irú wọn ni ọ̀pọ̀ ìtàn àwọn aláwọ̀ dúdú tó lọ ṣàtìpó níbẹ̀ gbà jáde.

Ní 1966, John La Rose, ọmọ Trinidad, àti Sarah White dá ilé ìtẹ̀wé New Beacon Books sílẹ̀. Ọdún méjì lẹ́yìn ìyẹn, ìjọba Jàmáíkà ní kí ọ̀mọ̀wé Walter Rodney má padà wọ̀lú mọ́. Jessica àti Eric Huntley, tọkọtaya ọmọ Guyana, kó ọ̀rọ̀ tí ọ̀mọ̀wé náà ti bá àwọn mẹ̀kúnnù sọ jọ, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ ní 1969. Inú ilé wọn ni Bogle-L'Ouverture, ilé ìtẹ̀wé wọn, ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù ìwé, àwọn tó kórìíra aláwọ̀ dúdú kọlù ú. Tọkọtaya náà ṣáà ń tàwé lọ.

Èyí tó kàn wá jù ni ti Margaret Busby, ọmọ Gánà, tí òun àti Clive Allison dá Allison & Busby sílẹ̀ ní 1967. Àwọn ló tẹ Second-Class Citizen ti Buchi Emecheta, ọmọ Ìgbò tí wọ́n bí sí Èkó, ní 1974. Adah inú ìwé náà lọ bá ọkọ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn onílé òyìnbó kọ̀ wọ́n torí àwọ̀ wọn. Àwọn ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n jọ ń gbélé ń rọ̀ ọ́ pé kó kó àwọn ọmọ rẹ̀ fún òyìnbó tọ́. Ọkọ rẹ̀ sì dáná sun ìwé tó kọ. Irú iná yẹn jó ìwé Emecheta fúnra rẹ̀ rí. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú ìtàn náà ni pé kò bo ẹnikẹ́ni láṣìírí: òyìnbó gba tirẹ̀, àwa náà gba tiwa. Ẹni tó láyà ló ń tẹ irú ìwé bẹ́ẹ̀.

Àwọn ilé ìtẹ̀wé ńlá pẹ̀lú ti wá ń du irú ìtàn yìí báyìí. Bloomsbury ló tẹ The Icarus Girl ti Helen Oyeyemi, ọmọ tí wọ́n bí ní Ìbàdàn, ní 2005: ìtàn abanilẹ́rù nípa ọmọbìnrin kan tí bàbá rẹ̀ jẹ́ òyìnbó, tí ìkejì rẹ̀ tí wọ́n jọ jẹ́ ìbejì ti kú, tí ọ̀rẹ́ àràmàǹdà kan sì tẹ̀ lé láti Ìbàdàn dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Síbẹ̀, nígbà tí Tade Thompson, tí wọ́n bí ní Lọ́ńdọ̀nù sínú ìdílé Yorùbá, yí ọ̀rọ̀ náà po, tó ní àtìpó láti òde ayé ló wá tẹ̀dó sí Nàìjíríà, ilé kékeré kan ní Amẹ́ríkà, Apex, ló kọ́kọ́ tẹ Rosewater jáde ní 2016. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ilé ńlá tó gbà á, ìwé náà sì gba ẹ̀bùn Arthur C. Clarke ní 2019.