Ṣé O Mọ̀? Sẹ́ẹ̀lì Àlejò Tó Ń Jagun Nínú Agbárí

Ṣé o mọ̀ pé ohun tí bàbá ìkókó ń gbé lọ sílé nínú ọ̀rá dúdú láti ilé ìgbẹ̀bí ní Bàrígà, tó máa gbẹ́lẹ̀ sin, ní ẹ̀jẹ̀ tó lè gba ẹlòmíràn là? Ìwọ́ àti ibi ọmọ ni mò ń wí. Ẹ̀jẹ̀ tó kù sínú wọn lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gé ìwọ́ kún fún sẹ́ẹ̀lì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ wá dáyé, tí kò tíì yan iṣẹ́: ó lè di ẹ̀jẹ̀ pupa, ó sì lè di sẹ́ẹ̀lì tó ń gbèjà ara. Àmọ́ kí ọ̀rá dúdú tó dé Ṣómólú, ẹ̀jẹ̀ náà ti dì, ó ti bàjẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ fà á sínú àpò ní kété tí wọ́n bá ti gbẹ̀bí, kó sì gbé e lọ síbi òtútù líle.

Wọ́n ń gbà á bẹ́ẹ̀ ní Houston, ìlú kan ní Texas tí Yorùbá pọ̀ sí dáadáa. Ní ilé ìwòsàn MD Anderson níbẹ̀, dókítà kan tó ń jẹ́ Katayoun Rezvani àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣa irú sẹ́ẹ̀lì kan tí wọ́n ń pè ní NK jáde láti inú ẹ̀jẹ̀ ìwọ́, wọ́n tún un ṣe kó lè dá jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ mọ̀, wọ́n sì fà á sára àwọn aláìsàn tí wọn kì í ṣe ẹbí ọmọ tó ni ìwọ́. Èsì rẹ̀ jáde ní 2020. Nínú aláìsàn 11, ìtọ́jú náà ran 8 lọ́wọ́. Lára 7 nínú wọn, àyẹ̀wò ò rí àpẹẹrẹ jẹjẹrẹ náà mọ́. Kò sì sí ẹnì kan tí sẹ́ẹ̀lì àlejò yìí yíjú padà sí láti bá jà.

Ṣé o mọ ìdí tí gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn fi ju gbogbo ìyókù lọ? Àmì kan wà lára sẹ́ẹ̀lì wa, HLA ni wọ́n ń pè é. Bí ilà ojú láyé àtijọ́ ló rí: ẹni tó bá wò ó á mọ ilé tí o ti wá. Sẹ́ẹ̀lì T, tó jẹ́ akọni nínú àwọn ọmọ ogun ara, kì í fẹ́ fojú kan ilà tí kì í ṣe ti ilé rẹ̀. Bí wọ́n bá fa sẹ́ẹ̀lì T ẹlòmíràn sí ọ lára láìtún un ṣe, awọ, ìfun àti ẹ̀dọ̀ rẹ ló máa dojú ìjà kọ. Ìdí nìyẹn tí dókítà fi máa ń kọ́kọ́ béèrè ọmọ ìyá ẹni nígbà tí wọ́n bá fẹ́ pààrọ̀ mùdùnmúdùn inú eegun. Síbẹ̀, bí o bá ní ọmọ ìyá mẹ́rin, ẹnì kan ṣoṣo ni kí o máa retí pé ilà rẹ̀ á bá tìrẹ mu délẹ̀.

Ìbejì wá ńkọ́? Ibí yìí ló ti dùn. Àwa Yorùbá la ń bí ìbejì jù láyé. Dókítà P. P. S. Nylander ka ìbejì ní Ìbàdàn àti agbègbè rẹ̀ ní nǹkan bí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn, ó sì rí i pé ó lé ní 40 nínú ìbímọ 1,000. Àmọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló wá láti inú ẹyin méjì. Àwọn tó wá láti inú ẹyin kan náà ò ju nǹkan bíi 4 nínú 1,000 lọ, iye kan náà tí òyìnbó ń bí. Ìyẹn ni pé Táyé àti Kẹ́hìndé tí wọ́n jọ ń wọ ankara kan náà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Bàrígà lè má bára wọn mu ju ẹ̀gbọ́n àti àbúrò lásán lọ. Àwọn ìbejì ẹlẹ́yin kan yẹn gan-an ni ìmọ̀ ìṣègùn fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí: kíndìnrín àkọ́kọ́ tí wọ́n pààrọ̀ tó sì yọrí sí rere, ní Boston ní 1954, láti ara ìbejì sí ìbejì ni, nígbà tí E. Donnall Thomas sì gbé mùdùnmúdùn eegun ẹnì kan sára ẹlòmíràn ní 1956, ìbejì náà ni wọ́n.

Ẹni tí kò ní ìbejì, tí ọmọ ìyá rẹ̀ ò sì bá a mu, orúkọ àjèjì ló kù tó máa wá. Àwọn onímọ̀ ṣe ìṣirò rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2014: òyìnbó tó bá wá inú ìwé orúkọ àwọn tó ṣetán láti fún èèyàn ní mùdùnmúdùn á rí ẹni tó bá a mu délẹ̀ nígbà 75 nínú 100. Adúláwọ̀? Láti 16 dé 19. Ilà tiwa pọ̀ ju tiwọn lọ ní oríṣiríṣi, orúkọ wa tó wà nínú ìwé náà ò sì tó nǹkan. Seun Adebiyi, ọmọ Nàìjíríà tó kàwé òfin ní Yale, tó sì ń múra láti di ẹni tó máa kọ́kọ́ ṣojú Nàìjíríà nínú ìdíje Òlíńpíìkì orí yìnyín, ni jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kọlù ní 2009. Ẹ̀jẹ̀ ìwọ́ ló padà gbà á là. Ní 2012 ó dá ìwé orúkọ irú rẹ̀ sílẹ̀ fún Nàìjíríà ní Ẹnúgu. Kí wọ́n fi òwú nu inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tó láti mọ ilà rẹ̀. Ṣómólú ń tẹ kàlẹ́ńdà, ìwé ìkésíni, pósítà olóṣèlú àti ìwé ìsìnkú fún gbogbo Èkó. Ìwé pélébé tó ń pe èèyàn wá nu ẹ̀rẹ̀kẹ́, mi ò tíì rí ọ̀kan.

Ṣé o mọ̀ pé NK kì í wá ilà àjèjì rárá? Ní 1975 ni wọ́n dá a mọ̀, ní Sweden àti ní Amẹ́ríkà. Nígbà tó di 1986, Klas Kärre àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé ẹni tó bá fi ilà rẹ̀ pamọ́ ló ń wá. Jẹjẹrẹ a sì máa fi ilà rẹ̀ pamọ́ kí sẹ́ẹ̀lì T má baà rí i. Ohun tó fi bọ́ lọ́wọ́ T yẹn náà ló máa tú u fó lọ́wọ́ NK. Nítorí náà ni ọmọ tí wọ́n bí ní Houston fi lè fi NK rẹ̀ jà fún ẹni tí kò bá a tan.

Ó wá ku agbárí. Kókó ọpọlọ kan wà tó ń jẹ́ glioblastoma, òun ló burú jù nínú àwọn tó sábà máa ń hù nínú ọpọlọ àgbàlagbà. Kò ní ààlà. Ó máa ń na gbòǹgbò wọ inú ọpọlọ tó dáa, kò sì sí ọ̀bẹ tó lè gé e tán. Ní 2005, Roger Stupp àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé èsì aláìsàn 573 jáde: ìtànṣán nìkan fún ìdajì àwọn tó gbà á ní oṣù 12.1 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n fi oògùn temozolomide kún un, ó di 14.6. Oṣù méjì àtààbọ̀ yẹn ni gbogbo ayé ìṣègùn ń yọ̀ sí, òun náà ni wọ́n sì ń lò títí di òní.

Kókó inú agbárí kì í ṣe àìsàn òyìnbó. Látúndé Odeku, ọmọ Awẹ́, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ, padà sílé láti Amẹ́ríkà wá sí UCH Ìbàdàn ní 1962. Láàárín ọdún díẹ̀ ó ti ń kọ àkọsílẹ̀ nípa àwọn kókó tó ń rí nínú agbárí àwọn ará ilé rẹ̀. Ó tún ń kọ ewì. Ọmọ ọdún 47 ni nígbà tó kú ní 1974.

Ṣé o mọ̀ pé glioblastoma lóògùn oorun tirẹ̀ tó ń fún àwọn ọmọ ogun ara? Ó ń tú èròjà kan jáde, TGF-β, tó ń mú kí NK tó bá sún mọ́ ọn rẹ̀wẹ̀sì. Àwọn ará Houston yẹn náà gé ojú ibi tí èròjà náà ń gbà wọ NK kúrò. Nígbà tí wọ́n dán an wò lára eku, tí wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde ní 2021, NK ò sùn mọ́. Eku ni o, kì í ṣe èèyàn.

Oògùn oorun kejì, àwa fúnra wa la ń fún àwọn ọmọ ogun ara. Lọ sí kẹ́míìsì èyíkéyìí ní Bàrígà, béèrè “dexa”. Àwọn kan ń gbé e mì kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn lè yọ, kí ìdí lè kún. Dexamethasone yìí kan náà ni dókítà ń fún ẹni tó ní kókó ọpọlọ, torí ó ń mú kí ọpọlọ tó wú fà sẹ́yìn, iṣẹ́ tó dáa gan-an. Àmọ́ ó ń pa sẹ́ẹ̀lì T, tàbí kó sọ ọ́ di aláìlágbára. (Ẹni tó ń jẹ ẹ́ nítorí ìdí, ó ń tú ọmọ ogun ara rẹ̀ ká lọ́fẹ̀ẹ́.) Ní City of Hope ní California, Christine Brown àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gba sẹ́ẹ̀lì T lára ẹni tí ara rẹ̀ le, wọ́n tún un ṣe kó lè dá kókó náà mọ̀, wọ́n sì ba ibi tí dexa ń gbà mú un jẹ́. Inú ọpọlọ aláìsàn 6 ni wọ́n fi í sí tààrà. Sẹ́ẹ̀lì àjèjì náà ò bá ara àwọn aláìsàn náà jà. Lára 4, kókó náà dín kù tàbí ó kú díẹ̀ níbi tí wọ́n fi sẹ́ẹ̀lì sí, fún ìgbà díẹ̀. Ẹnì kankan ò rí ìwòsàn. 2022 ni wọ́n gbé e jáde.

Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lórí kókó yìí ní Frankfurt ló yà mí lẹ́nu jù. NK tí wọ́n lò níbẹ̀, NK-92, wá láti ara ọkùnrin kan tí jẹjẹrẹ ń bá jà fúnra rẹ̀: inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n ti rí i ní 1992, ó sì ń pọ̀ sí i nínú ìgò láti ìgbà náà láìdúró. Wọ́n máa ń fi ìtànṣán lù ú kó má baà bí sí i mọ́ kí wọ́n tó fi sára èèyàn. Nígbà iṣẹ́ abẹ, lẹ́yìn tí kókó bá ti padà wá, wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún un sí ẹ̀gbẹ́ ihò tí ọ̀bẹ fi sílẹ̀. Èsì ti 2023: aláìsàn 9, kókó ara 5 dúró sójú kan fún ọ̀sẹ̀ 7 sí 37, ti 4 ń lọ síwájú.

Èkó ńkọ́? Ẹni tó ní kókó ọpọlọ ní Ṣómólú lè gba ìtànṣán ní ilé ìtọ́jú jẹjẹrẹ NSIA-LUTH ní Ìdí-Àràbà, tí wọ́n ṣí ní 2019. Ti sẹ́ẹ̀lì àlejò, ọ̀dọ̀ àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ SS, ìyẹn àwọn tó ní sickle cell, ni ọ̀nà rẹ̀ ń gbà bọ̀. Ní Vanderbilt ní Amẹ́ríkà, Adetola Kassim àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi hàn pé ìdajì ilà lè tó: bàbá, ìyá, àní ọmọ ẹni, lè fún ẹni tó jẹ́ SS ní mùdùnmúdùn eegun. Ní 2025, LUTH àti Sickle Cell Foundation Nigeria kéde pé àwọn ti pààrọ̀ mùdùnmúdùn fún aláìsàn méjì ní Ìdí-Àràbà, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Vanderbilt. Kí wọ́n gba sẹ́ẹ̀lì lára ẹnì kan, kí wọ́n pa á mọ́ láàyè, kí wọ́n fà á sára ẹlòmíràn láìjẹ́ kí kòkòrò àrùn wọ ọ́: iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe ní Houston àti Frankfurt náà nìyẹn. Bí NK bá máa dé Èkó, yàrá tí wọ́n ti pààrọ̀ mùdùnmúdùn ní Ìdí-Àràbà ni mo rò pé ó máa kọ́kọ́ wọ̀ sí.