Kí Ẹ Tó Fi Owó Àjọ Ra Pírójẹ́tọ̀

Ọ̀rọ̀ ọjà la bá wá lónìí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìlera wà nínú rẹ̀. Ẹ bá wa fara balẹ̀.

Ká ní ẹgbẹ́ yín ti dá àjọ fún odidi ọdún kan. Ẹ fẹ́ ra pírójẹ́tọ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ju àwòrán sára ògiri, kí ẹ lè máa wo sinimá ní pálọ̀ ìyá alága, kí ẹ sì máa fi fídíò ìlera han àwọn aboyún. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ẹ rán lọ sí Dantokpa ní Kútọnu dé, ó gbé páálí aláràbarà wá. Wọ́n kọ 9000 lumens gàdàgbà sí i lára. Ilẹ̀ ṣú, ẹ tan án, ẹ ò rí ojú òṣèré, òjìji lẹ̀ ń wò. Owó ọdún kan ti wọgbó. Kí irú ẹ̀ má bàa ṣẹlẹ̀ la ṣe ń sọ̀rọ̀. Ohun kan ni kí ẹ dì mú: ẹ wọn yàrá yín, ẹ wo iná tí ẹ ní, kí ẹ tó wo ẹnu ọlọ́jà.

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe tuntun nílẹ̀ wa. Láti 2001 ni àwọn Cinéma Numérique Ambulant, tí wọ́n ń pè ní CNA, ti ń gbé pírójẹ́tọ̀ lọ sáwọn abúlé Benin, wọ́n ń fi sinimá àti fídíò ìlànilọ́yẹ̀ han ará oko. Ẹ kíyè sí i: alẹ́ ni wọ́n ń ṣe é. Àwọn àgbà tó wo Aiyé, fíìmù Hubert Ogunde tó jáde ní 1979, náà mọ̀ pé gbọ̀ngàn tó ṣókùnkùn ni wọ́n jókòó sí. Kí ló fà á?

Èkíní nìyẹn: òkùnkùn. Ẹ̀rọ yìí ń ju ìmọ́lẹ̀ ni, kò lè ju òkùnkùn. Irun dúdú tí ẹ rí nínú àwòrán, ibi tí ẹ̀rọ kò ju ìmọ́lẹ̀ sí ni. Bí gílóòbù bá ń tàn nínú yàrá, tàbí tí oòrùn ń gba fèrèsé wọlé, ìmọ́lẹ̀ yẹn á bọ́ sórí ibi dúdú náà, gbogbo rẹ̀ á wá funfun bí eérú. Nítorí náà, kọ́tìnì tó nípọn lójú fèrèsé lè ṣe yín láǹfààní ju ẹ̀rọ olówó gọbọi lọ.

Èkejì, agbára ìmọ́lẹ̀. Lumens ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, bí a ṣe ń fi kílò wọn iṣu. Ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n ọjà méjì ló wà, àbí ẹ ò mọ̀? Èyí tí ẹ lè gbọ́kàn lé ni èyí tí wọ́n kọ ANSI tàbí ISO mọ́. Bí páálí bá kàn kọ lumens lásán, pàápàá lára ẹ̀rọ kékeré tí kò wọ́n, ẹ má gbà á gbọ́. Ẹ̀rọ tó pe ara rẹ̀ ní ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án lè má ju ọgọ́rùn-ún mélòó kan lọ bí wọ́n bá wọ̀n ọ́n dáadáa.

Èló ló tó yín? Fún àwòrán tó fẹ̀ ní mítà méjì, nínú yàrá tó ṣókùnkùn dáadáa, nǹkan bí 400 sí 500 ANSI á ṣe é. Ẹ wá fẹ́ kó fẹ̀ ní mítà mẹ́rin, kí gbogbo àdúgbò lè wò ó níta lálẹ́? Ẹ má rò pé ìlọ́po méjì lẹ máa nílò o. Ó fẹ̀ sí i ní ìlọ́po méjì, ó tún ga sí i ní ìlọ́po méjì, àyè tí ìmọ́lẹ̀ máa bò ti di ìlọ́po mẹ́rin. Ó dà bí ọbẹ̀ tí ẹ sè fún ẹni mẹ́rin, tí ẹni mẹ́rìndínlógún wá jókòó tì. Ẹ ó nílò tó 1,600 sí 2,000. Bó bá jẹ́ ìpàdé ọ̀sán pẹ̀lú fèrèsé ṣíṣí, ẹ máa wá 3,000 sókè.

Ẹ̀tàn kejì tún wà lára páálí. Wọ́n á kọ 1080P, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ní lọ́kàn ni pé ẹ̀rọ náà lè gba irú fíìmù bẹ́ẹ̀, kì í ṣe pé ó lè gbé e jáde bó ṣe rí. Ẹ béèrè résolution native rẹ̀. Bó bá jẹ́ 800 x 480, àwọn lẹ́tà wẹ́wẹ́ á ṣe bàìbàì. 1280 x 720 sàn jù ú lọ, 1920 x 1080 ló wá mọ́ jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ẹ̀kẹta, àyè. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí, bí ẹ bá gbé e jìnnà sí ògiri ní mítà kan àbọ̀, àwòrán á fẹ̀ ní mítà kan. Bí ẹ bá gbé e jìnnà ní mítà mẹ́ta, á fẹ̀ ní mítà méjì. Àwọn mìíràn ń fẹ́ àyè jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà ẹ bi ọlọ́jà. Ẹ mú okùn, ẹ wọn pálọ̀ kí ẹ tó lọ sọ́jà. Ẹ gbé ẹ̀rọ náà ga díẹ̀ kí orí àwọn ọmọ tó wà lórí ẹní má dí i, kí ó sì dojú kọ ògiri gbọọrọ. Bó bá wọ́, àwòrán náà á wọ́.

Ẹ̀kẹrin, ibi tí àwòrán máa bọ́ sí. Ògiri alámọ̀ pupa á sọ ojú gbogbo ènìyàn di pupa. Ẹ rẹ́ ògiri náà kó dán, kí ẹ fi ọ̀dà funfun tí kò ń kọ mànà kùn ún. Bó bá jẹ́ aṣọ lẹ fẹ́, kí ó jẹ́ funfun tó nípọn, ẹ lọ̀ ọ́, ẹ nà án sórí férémù pákó kó le dandan, kí ẹ fi aṣọ dúdú gbé e lẹ́yìn kí ìmọ́lẹ̀ má bàa gba inú rẹ̀ kọjá. Owó tí ẹ bá fi èyí dá sí, ẹ fi ra sípíkà gidi, torí ohùn inú ẹ̀rọ náà kì í dé ẹ̀yìn. Ẹ̀gbẹ́ aṣọ ni kí ẹ gbé sípíkà sí.

Ẹ̀karùn-ún, iná. Ẹ̀rọ oníláǹpù ńlá máa ń jẹ 200 sí 300 wáàtì, láǹpù rẹ̀ sì máa ń lo bíi wákàtí 3,000 sí 5,000 kí ẹ tó ra òmíràn. Ti LED kékeré ń jẹ 50 sí 100, ó sì lè lò ju wákàtí 20,000 lọ. Ẹ jẹ́ ká ṣírò: LED 80, sípíkà 20, ó di 100. Wákàtí méjì, 200. Ẹ fi èyí tí ẹ̀rọ ayínápadà máa jẹ kún un, ó di bíi 240. Bátìrì sólà 12 fóòtì, 100 Ah, ní 1,200 nínú, ṣùgbọ́n bátìrì olómi, ìdajì ni kí ẹ lò kó má bàa tètè kú. 600 nìyẹn. Ó tó fíìmù méjì. Oníláǹpù 300 kò lè parí fíìmù kan lórí rẹ̀. Bí iná SBEE bá ti dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ ra régulateur mọ́ ọn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ìlera wà rèé. Bó bá jẹ́ gúrúùpù lẹ máa fi tan iná, ẹ má gbé e sínú ilé, ẹ má gbé e sí abẹ́ fèrèsé. A ti ní kí ẹ dí fèrèsé kí ilé ṣókùnkùn. Bí èéfín gúrúùpù bá wọ irú ilé bẹ́ẹ̀, afẹ́fẹ́ olóró inú rẹ̀ kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, ó sì ń pa odidi ìdílé. Orí fífọ́, òòyì, èébì, oorun òjijì: bí ẹ bá rí wọn, ẹ gbé ènìyàn jáde síta kíá, kí ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn. Kpayo inú ìgò kò gbọ́dọ̀ wà níbi tí èrò jókòó sí. Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé tẹjú mọ́ ojú ẹ̀rọ tó ń tàn. Níta, ẹ wọ aṣọ tó bo apá àti ẹsẹ̀ fún àwọn ọmọ nítorí ẹ̀fọn.

Nígbà ọyẹ́, eruku pupa wa yìí máa ń dí ibi tí ẹ̀rọ ti ń mí. Ẹ máa nù ún lóṣooṣù, kí ẹ sì máa fi aṣọ bò ó. Bí ẹ bá pa oníláǹpù, ẹ má yọ wáyà àfi bí fáànù rẹ̀ bá dákẹ́.

Bí ẹ bá dé ọjà, ẹ má sanwó kí ẹ tó rí i kó tàn. Ẹ mú clé USB tiyín dání, kí fídíò Gẹ̀lẹ̀dẹ́ yín wà lórí rẹ̀, èyí tí ẹ yà lóru Ẹ̀fẹ̀. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí UNESCO kọ sínú ìwé ní 2008 yìí, ó mọ ẹ̀rọ dán wò o! Bí ẹ bá rí ojú akọrin lóru yẹn, tí ohùn rẹ̀ sì jáde, ẹ̀rọ gidi ni. Bí àwòrán bá wà tí ohùn kò sí, ẹ gbé òmíràn. Ẹ gba rìsíìtì, kí ẹ béèrè iye ọjọ́ tí ẹ fi lè dá a padà.

Ó yá, ẹ̀yin ẹgbẹ́, ẹ pa rédíò, ẹ jíròrò: pálọ̀ wa gùn tó mítà mélòó? Iná wo la ní? Ta ni yóò máa tọ́jú ẹ̀rọ náà, níbo la ó sì gbé gúrúùpù sí? Bí ẹ bá ti dáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ lè tú àjọ.

Ká pàdé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó dàbọ̀ o.