Kòkòrò Inú Ìfun àti Àlàáfíà Ọkàn Wa

Ọ̀rọ̀ ìlera ni a mú wá lóṣù yìí, nítorí ìlera loògùn ọrọ̀.

Bí ayọ̀ bá dé, a óò ní inú wa dùn. Bí ẹnìkan bá rẹ́ wa jẹ, a óò ní inú ń bí wa. Ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, inú rẹ̀ ni ó bàjẹ́. Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ náà ti ń rí i báyìí pé ìfun àti ọpọlọ ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ ní tòótọ́.

Àìmọye kòkòrò tí a kò lè fojú rí ni ó ń gbé inú ìfun wa, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í sì í ṣe ọ̀tá. Nínú ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, èso àti ọkà, apá kan wà tí kì í dà nínú wa. Apá yìí ni ó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ bá wọn. Alájẹṣẹ́kù ni àwọn náà! Ohun tí a jẹ ṣẹ́kù ni wọ́n fi ń ṣòwò, wọ́n sì ń san èrè rẹ̀ padà fún ara wa. Iṣan gígùn kan sì wà láti ọpọlọ dé ìfun tí ó ń gbé iṣẹ́ lọ, gbé iṣẹ́ bọ̀, bíi wáyà tẹlifóònù.

Ní 2004, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Kyushu ní Jàpáànì lo àwọn eku tí a tọ́ láìní kòkòrò kankan nínú. Nígbà tí wọ́n sé wọn mọ́ ibi tóóró, ìjayà ara wọn ju ti àwọn eku yòókù lọ. Ní 2011, àwọn olùwádìí láti Ireland àti Kánádà fún eku ní irú kòkòrò kan tí à ń pè ní Lactobacillus. Àwọn ẹbí rẹ̀ ni ó ń mú ògì wa kan. Ẹ̀rù àwọn eku náà dínkù. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gé iṣan tí a sọ yẹn, àǹfààní náà kò hàn mọ́.

Eku ni ìyẹn o, ènìyàn kì í ṣe eku. Ní 2017, ìwádìí kan jáde ní Ọsirélíà lórí ènìyàn 67 tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ń bá jà. Wọ́n kọ́ àwọn kan láti máa jẹ ẹ̀fọ́, èso, ẹ̀wà àti ẹja. Àwọn yòókù rí ẹni bá wọn tàkúrọ̀sọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 12, nǹkan bí 32 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn olóúnjẹ ni ìrẹ̀wẹ̀sì náà fi sílẹ̀. 8 péré ni lápá kejì. Ìwádìí yìí kò fi hàn pé kòkòrò inú ni ó ṣe é, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé oúnjẹ ń ran ọkàn lọ́wọ́.

Ibi tí ó kàn wá nìyí. Inú á máa run ẹlòmíràn lọ́jà, á ra kápúsù méjì lọ́wọ́ oníkiri, á fi omi gbé e mì. Oògùn apakòkòrò kò mọ ọ̀rẹ́ yàtọ̀ sí ọ̀tá: ó dà bí ẹni tí ó dáná sun oko nítorí ejò kan. Ẹ má lò ó àfi bí dókítà bá kọ ọ́ fún yín. Bí ó bá sì kọ ọ́, ẹ lò ó bí ó ṣe wí.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta ìgò oògùn kan fún yín pé kòkòrò inú rẹ̀ ń wo àrùn ọpọlọ. Omi ògì náà kò lè ṣe é. Bí oorun bá dá lójú ènìyàn, tí oúnjẹ kò wù ú, tí ọjà kò wù ú, tí ó sì tó ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn. Láti 1954 ni Àrò ní Abẹ́òkúta ti wà fún iṣẹ́ yìí. Kò sí ohun ìtìjú níbẹ̀. Ẹni tí ó bá sì ń lo oògùn dókítà, kí ó má ṣe dá a dúró nítorí pé ó ń jẹ ẹ̀fọ́.

Ẹ jẹ ẹ̀wà, ẹ jẹ ẹ̀fọ́, ẹ jẹ èso. Ó di oṣù tí ń bọ̀. Ire o.